Ẹ̀gbọ́n Mi Ti Sọ̀rọ̀

Pátákó tí Felix Adékúnlé rì sí iwájú ilé rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ó tó láti dí fèrèsé. Fèrèsé kan ṣoṣo ni bésímẹ̀ntì, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé náà, ní, ibẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ máa ń gbà wọlé tọ Ọmọ́kẹ́mi, ìyàwó àbúrò Felix, bó bá ń múra iléèwé fún Zoe ọmọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2006, ní ìlú kékeré kan ní Maryland nílẹ̀ òyìnbó, inú òkùnkùn ni ìyá àti ọmọ ti wá ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ́kẹ́mi jáde lọ wo ohun tó ṣíji bò wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sára pátákó náà rọ̀ bí ohùn olùkọ́ ọmọdé: kí gbogbo ènìyàn dáàbò bo ìyì àdúgbò, kí wọ́n sọ pé rárá sí ilé olówó pọ́ọ́kú. Nínú ọkàn Ọmọ́kẹ́mi, gbogbo rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: A ò fẹ́ yín.

Ó gun òkè lọ sí kíṣìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹ̀wà àkàrà, nítorí òun ló ń dáná fún òkè àti ìsàlẹ̀.

Ilé Felix ní òpó funfun mẹ́rin níwájú. Òpó náà kò ru nǹkan kan. Bí ènìyàn bá yọ wọ́n, òrùlé kò ní mira. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé, Felix á máa fọwọ́ gbá wọn pẹ́pẹ́ bí ẹni ń gbá ẹṣin lọ́rùn. Ọkùnrin náà ti jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ òótì tí dókítà ní kó máa jẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú rẹ̀ sì wà lára àkàrà. Yétúndé ìyàwó rẹ̀, ìyá Jessica, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó sì dákẹ́. Yétúndé máa ń dákẹ́ dáadáa, ọkọ rẹ̀ sì ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé bó bá ti dákẹ́, ó ti fara mọ́ ọn nìyẹn.

"Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀ sà," Ọmọ́kẹ́mi kúnlẹ̀. "Pátákó yẹn dí wa lójú nísàlẹ̀. Ṣé ẹ lè bá wa sún un díẹ̀?"

"Kí n sún un lọ síbo? Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń rí i."

"Àwa náà ń rí i, sà."

Felix gbé ṣíbí dúró, ó wò ó bóyá àfojúdi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ́kẹ́mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò rí ibi tó fẹ́ mú.

Fọláhàn, ọkọ Ọmọ́kẹ́mi, gòkè wá nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ní College Park ló ń wà. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà."

"Fọ́lá. Oṣù ń parí lọ o."

"Mo mọ̀, sà."

"Kì í ṣe èmi ni mo ń lé ẹ. Òfin ni."

Òfin náà, Felix fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Òun ni alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Nínú oṣù kẹfà, ó kọ̀wé sí aládùúgbò kan, ará Salvador, tí ọkọ̀ pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, pé ilé kan, ìdílé kan. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ará Salvador dá èsì padà: òun ti gbọ́, òun á sì pa òfin mọ́ ní ọjọ́ tí ilé olópòó mẹ́rin bá pa á mọ́. Wọ́n ní kí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìkà má gbẹ́ ẹ jìn, nítorí bóyá òun ni yóò jìn sí i. Felix gbẹ́ tirẹ̀ jìn dáadáa. Àbúrò rẹ̀ ló ní kó bọ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n," Fọláhàn ní, "tí káńsù bá lè gbà fún ilé pupa ní ìrọ̀lẹ́ òní, a ti kúrò lọ́rùn yín nìyẹn."

Ilé pupa jẹ́ ilé bíríkì àtijọ́ kan, alájà mẹ́ta, lẹ́bàá òpópónà tó lọ sí Hyattsville. Ìdajì rẹ̀ ṣófo, ìdajì tó kù ń jò, ẹni tó ni ín sì fẹ́ tà á. Àwọn oníṣòwò kan fẹ́ rà á kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n lé àwọn ayálégbé jáde, kí wọ́n sì máa tà á ní fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ aláàánú kan náà fẹ́ rà á, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n máa gba owó ilé níwọ̀n agbára ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ẹgbẹ́ aláàánú kò lè ká a, àfi bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fún iṣẹ́ náà ní ẹ̀dínwó owó orí, èyí tí àwọn olówó máa ń tìtorí rẹ̀ gbé owó sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn kò kọ̀, kí ìlú ṣáà kọ́kọ́ kọ ìwé pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ojú kan péré. Ìlú kékeré náà, tí kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ìwé oríire fún ẹni tí òdòdó rẹ̀ bá tanná jù, wá fi oṣù márùn-ún jiyàn lórí irú ilé tó yẹ kó kọ ìwé àtìlẹ́yìn fún. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni àwọn márùn-ún tó wà ní káńsù máa dìbò: ṣé gbogbo ilé olówó pọ́ọ́kú ni, àbí ti àwọn arúgbó nìkan? Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, fúláàtì oníyàrá méjì kan ń dúró de Fọláhàn ní ilé pupa láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ti arúgbó nìkan, kò síbi tí wọ́n ń lọ.

"Mi ò ní nǹkan kan sí arúgbó," ni Felix wí. "Arúgbó kì í bímọ. Kì í kó èrò kún iléèwé. Kì í tún ọkọ̀ ṣe lójú títì. Àwọn tálákà yìí ni mo ń sọ."

"Ẹ̀gbọ́n, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló fẹ́ gbé ibẹ̀."

"Ta ló ń bá ìwọ wí? Ìwọ kì í ṣe tálákà. Àbúrò mi ni ọ́."

Epo ta sí Ọmọ́kẹ́mi lọ́wọ́. Ó yí àkàrà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nísàlẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá Zoe, fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ní káńsù yẹn, ṣé ó ti pẹ́ jù láti fi orúkọ tèmi náà sí i?"

"Kí la fẹ́ fi orúkọ méjì ṣe? Ṣé kò sí ọkùnrin nínú ilé yìí ni?"

Ọkùnrin wà nínú ilé. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Fọláhàn nígbà tó wà ní Ìbàdàn, ó sì ti fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, ojú ìwé mẹ́ta gbáko. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ wọ kóòtù, ó so táì. Ó ti kà á fún dígí, ó ti kà á fún Zoe, tó ní kò yé òun ṣùgbọ́n ó gùn dáadáa. Ẹni kan ṣoṣo tí kò tíì kà á fún ni Felix. Kò sọ fún un pé òun máa sọ̀rọ̀. Felix náà kò sọ pé òun máa sọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní ọ̀sán, Ọmọ́kẹ́mi àti Àdíját jọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ilé pupa ni Àdíját ń gbé láti ọdún méjìlá, òun àti Mùtàlíbù ọkọ rẹ̀ tó ń wa takisí, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, Ikrimah ni àkọ́bí. Òun ló gbé fọ́ọ̀mù káàkiri ilé náà, ó ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń gba ìdáwó.

"Ìyá Zoe, wo ọ̀rọ̀ ayé," ó fa bẹ́ẹ̀dìṣíìtì gbọọrọ. "Wọ́n ní arúgbó nìkan làwọn fẹ́ kọ́lé fún. Ó dáa. Ta ni yóò máa wẹ̀ wọ́n? Ta ni yóò máa pààrọ̀ ìlédìí wọn? Ṣé láti òkè ọ̀run la ó ti máa wọ bọ́ọ̀sì wá síbi iṣẹ́?"

"Wọ́n rò pé a máa ń hù níbí láàárọ̀ ni."

"Bí olú!" Àdíját rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Ọkọ ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀?"

"Ojú ìwé mẹ́ta."

"Jẹ́ kó sọ méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún èèyàn."

Gbọ̀ngàn káńsù ti kún kí aago méje tó lù. Àwọn onílé jókòó lápá ọ̀tún nínú aṣọ ọ́fíìsì. Àwọn ará ilé pupa jókòó lápá òsì nínú aṣọ iṣẹ́ tiwọn, ti ilé ìwòsàn, ti ilé oúnjẹ, ti gáréèjì. Fọláhàn wọ kóòtù. Bó ti ń wá àyè, ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Felix, tó jókòó sí ìlà àkọ́kọ́, tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Felix rí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni rí ọmọ tó fẹ́ mú ẹran nínú ìkòkò.

A, b, d ni akọ̀wé fi to orúkọ. Adékúnlé ló wá ṣáájú gbogbo ènìyàn, Felix sì ṣáájú Fọláhàn, bó ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé ayé.

Ohùn tí Felix gbé lọ sídìí máìkì kì í ṣe èyí tó fi ń pe ìyàwó rẹ̀. Imú ló ti ń jáde, ó sì ń yí bí ẹni tó ní ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu. Ó ní àpótí kan ṣoṣo lòun gbé dé orílẹ̀-èdè yìí. Kò sẹ́ni tó fún òun nílé. Kò sẹ́ni tó dín nǹkan kan kù fún òun. Òun ṣiṣẹ́, òun ra ilé, ilé náà sì ti di ìlọ́po méjì iye tí òun rà á. Ó ní òun kò kórìíra ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lágbára àtigbé àdúgbò kan, kó lọ sí ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Lápá òsì, Àdíját fọwọ́ bo ẹnu. "Nínú pálọ̀ mi ló sùn," ó sọ sí etí Ọmọ́kẹ́mi. "Ní ilé pupa yẹn gan-an. Oṣù méje. Ṣíbí mi ló fi ń jẹun."

Àwọn onílé pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé pe Fọláhàn.

Olórí káńsù, obìnrin onírun funfun kan tó lẹ́rìn-ín músẹ́, wo ìwé, ó wo Fọláhàn. "Adékúnlé méjì. Ṣé mọ̀lẹ́bí ni yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

Gbogbo ìlà àkọ́kọ́ yíjú padà. Fọláhàn na ìwé ojú mẹ́ta náà sórí pẹpẹ. Felix kò yíjú. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ láti máa wò, ibẹ̀ sì tó. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún dọ̀bálẹ̀ fún orí kan kò nílò ojú rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń wí.

"Bàbá Zoe, ẹ sọ̀rọ̀," Ọmọ́kẹ́mi ń sọ lábẹ́ èémí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀."

Fọláhàn ká ìwé rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀," ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. "Èmi kò ní ohun kan láti fi kún un. Ẹ ṣeun."

Bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, gbogbo àgbààgbà tó wà níbẹ̀ ìbá ti dìde. Wọn ìbá mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nílé yẹn, pé ọkùnrin tó bá kọ̀ láti já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò ti gbé ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀sùn ka iwájú wọn ni. Wọn ìbá ní, "Ó tó, Felix, jáde wá ká bá ọ sọ̀rọ̀." Ṣùgbọ́n ìlú tó wà ní Maryland lèyí. Akọ̀wé gbé bírò, ó fa ìlà méjì sábẹ́ àwọn tó takò ó: Adékúnlé, Adékúnlé.

Àdíját sọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú omi lójú. Àwọn mẹ́sàn-án mìíràn sọ̀rọ̀ láti ilé pupa. Ṣùgbọ́n ìbò méjì ti wà fún un, méjì sì ti wà lódì sí i kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Obìnrin onígíláàsì kan ní ìkángun tábìlì ni kò tíì mọ apá ibi tí yóò yà sí. Nígbà tó gbé máìkì, ó ní òun wá gbọ́ láti ẹnu irú àwọn tí ètò yìí wà fún ni. Ó ní ohun tó ṣe òun ní kàyéfì ni pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, tí wọ́n ti òkè òkun wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ohùn wọn sì ṣọ̀kan pé àwọn kò fẹ́ ẹ.

Ọmọ́kẹ́mi ti wà lórí ìdúró. "Rárá, mà! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ṣé orúkọ yín wà nínú ìwé?" olórí káńsù bi í, ẹ̀rín músẹ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ọkọ mi..."

"Ọkọ yín ti sọ̀rọ̀, mà."

Mẹ́ta sí méjì. Ìlú yóò máa kọ ìwé àtìlẹ́yìn fún ilé arúgbó nìkan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn pé àwọn ti ṣe nǹkan fún aláìní.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àdíját dúró níwájú Fọláhàn, kò kúnlẹ̀, kò kí i.

"Bàbá Zoe, ẹ ti pa wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Ìyá Ikrimah. Kí ni mo lè ṣe? Kí n máa bá a jiyàn lójú òyìnbó?"

"Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tiyín nìkan kọ́ lẹ bá dákẹ́, ẹ fi tiwa náà kún un." Ó yíjú sí Ọmọ́kẹ́mi, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ìyàwó àbúrò Mùtàlíbù sọ pé fúláàtì oníyàrá kan ṣófo ní ilé tí wọ́n ń gbé ní Capitol Heights, kò jìnnà sí ọkọ̀ ojú irin. Mánéjà ní òun fẹ́ ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀: ìgbà tẹ́ ẹ débẹ̀, iye tẹ́ ẹ ń san, bóyá ẹ máa ń pẹ́. Kó dé ọwọ́ òun ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á fún ẹlòmíì."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àwa? A pọ̀ jù fún yàrá kan." Ó sì lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Felix ti wà nídìí ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́. Kò jẹ òótì lálẹ́ ayọ̀.

"Fọ́lá! Jókòó, jẹun. O ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Mo rí ìwé lọ́wọ́ ẹ, mo ní, há, ọmọ yìí fẹ́ dójú tì mí. Àmọ́ o rántí ilé." Ó gé eegun, ó fà á mu. "Káńsù náà gbìyànjú. Bí ilé arúgbó yẹn bá dìde, a lè mú Màámi wá láti Ìbàdàn, ká fi wọ́n síbẹ̀."

Yétúndé bu ìrẹsì fún Zoe.

Ọmọ́kẹ́mi kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, eékún méjèèjì, ó sì ro ẹjọ́ Capitol Heights láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Ìwé ojú kan ni, Bọ̀dá. Kí ẹ kàn fọwọ́ sí i."

Felix gbé eegun kalẹ̀. "Kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ìdílé méjì gbé ilé mi fún ọdún méjì? Èmi, alága? Tí ìwé yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ńkọ́?"

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n fẹ́ ẹ, sà."

"Ẹ wá ibòmíì tí wọn ò ti ní béèrè ìwé. Ilé kún Baltimore."

Fọláhàn ń wo àwo rẹ̀. Yétúndé sì dìde, ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú bébà àti bírò, ó padà wá jókòó.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Felix bi í.

"Orúkọ mi náà wà nínú ìwé ilé yìí, Dádì Jessica." Ó kọ déètì sórí bébà. Ó kọ orúkọ Fọláhàn àti ti Ọmọ́kẹ́mi. Ó kọ ọ́ pé ọdún méjì ni wọ́n fi gbé ibẹ̀, pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. "Ti owó ilé ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni kí n kọ, àbí?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Felix ti fi jẹ́rìí níwájú pẹpẹ nígbà ìkórè, pé ẹ̀jẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ti gbá a lẹ́jìká fún un.

Ọmọ́kẹ́mi gbé ojú sókè wo ọkọ rẹ̀, kò sì gbé e kúrò.

"Fọ́lá," Felix pè é, jẹ́jẹ́, ní ohùn tí ẹ̀gbọ́n fi ń pe àbúrò kó má sọ̀rọ̀.

"Ẹgbẹ̀rin dọ́là, Àǹtí," Fọláhàn wí. "Lóṣooṣù. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń kó o sí. Mi ò pẹ́ san án rí."

Yétúndé wo ọkọ rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò, ó ní kí Fọláhàn tún iye náà pè, kí òun lè kọ ọ́ dáadáa.